Ọpọ́n Ayò Tó Wà Nínú Búùtù

Ẹ̀yin ọ̀dọ́ tí ẹ ń wá iṣẹ́ tí ẹ máa fi ayé yín ṣe, ẹ wá gbọ́ tèmi. Iṣẹ́ mi ni pé mo máa ń mú èèyàn lọ wo omi tó ń já láti orí àpáta, mo sì máa ń mú wọn padà wálé. Ó lé ní ogójì ọdún tí mo fi ṣe é. Bí mo bá sọ bẹ́ẹ̀, àwọn kan á rẹ́rìn-ín, wọ́n á ní ṣé ìyẹn náà niṣẹ́. Wọ́n rò pé mímú èèyàn lọ ni. Gbogbo ẹni tó bá ní mọ́tò ló lè mú èèyàn lọ. Mímú wọn padà wálé ni iṣẹ́, ibẹ̀ gan-an ni mo sì ti kùnà.

Dublin ni mo ti ń kọ èyí, nílé ọmọ mi Sìdíkà, lápá Dublin 15. Ilé ìkẹ́rùsí kan ní Damastown ló ti ń ṣiṣẹ́. Bó bá ti jáde, èmi á jókòó ti fèrèsé, màá máa wo òjò. Òjò ibí kì í le, ṣùgbọ́n ó dà bí àlejò tí kò mọ ìgbà tó yẹ kó dìde. N kò fẹ́ràn òjò mọ́, ẹ ó sì gbọ́ ìdí rẹ̀.

Bí mo ṣe bẹ̀rẹ̀ kò gùn. Bàbá mi mọ Ọ̀gá Ràímì ní mọ́ṣáláṣí wa ní Ìbàdàn, ó mú mi lọ bá a, wọ́n sọ̀rọ̀ díẹ̀, mo sì di ọmọ iṣẹ́. Owó tí wọ́n ń san kò tó ohun tí à ń dárúkọ. Ẹ jẹ́ ká gba ibẹ̀ kọjá.

Ọ̀gá Ràímì ní bọ́ọ̀sì kan tó fi ń gbé àwọn ilé ìwé, àwọn òṣìṣẹ́ báńkì àti àwọn tọkọtaya tuntun lọ sí ìrìn àjò ọlọ́jọ́ kan. Bí a bá ti kí ìrun Àsùbáà tán la ó gbéra, a ó sì dé ìlú omi náà lápá Ìjẹ̀ṣà kí oòrùn tó mú. N kò ní dárúkọ ìlú yẹn, nítorí wọn ò ṣẹ̀ mí. Ìpele méje ni omi ọ̀hún fi ń já sọ̀kalẹ̀ láàárín igbó dúdú. Òkúta rẹ̀ ń yọ̀, afẹ́fẹ́ rẹ̀ sì tutù débi pé àwọn obìnrin á fi ìborùn bo èjìká lọ́sàn-án gangan. Bí a bá sọ̀kalẹ̀, a ó lọ sí ààfin láti wo àwọn ilẹ̀kùn gbígbẹ́ àtijọ́. Ìjòyè kan wà níbẹ̀ tó máa ń sọ ìtàn ìlú náà, ìtàn tó máa ń gùn sí i lọ́dọọdún. Láti ibẹ̀, a ó kọjá sí àgbàlá àwọn aláró, níbi tí àwọn ìyá ti ń rẹ àdìrẹ. Níbẹ̀ la ti ń jẹun kí a tó padà sílé.

Ọdún méjì gbáko ni n kò fi gbọdọ̀ bá èrò sọ ju "ẹ rọra" lọ. Ọ̀gá ní kí n jókòó sídìí omi, kí n máa wò ó. Bó bá di ìrọ̀lẹ́, á bi mí pé, "Lásísì, àwọ̀ wo ni omi ní nígbà ìrun Àìlá lọ́sàn-án?" Lọ́jọ́ àkọ́kọ́ mo ní, "Ọ̀gá, omi ni, kò ní àwọ̀." Ó fọ́ mi létí. Lọ́jọ́ kejì mo ti mọ àwọ̀ omi.

"Òjò tó ń pa èèyàn níbí kì í rọ̀ síbí," ló máa ń sọ. "Orí òkè lọ́hùn-ún ló ń rọ̀ sí. Oòrùn lè máa ràn sí ọ lórí kí ikú ti máa bọ̀ lọ́nà. Bí omi bá ti pọ́n bí omi amọ̀, má wo ojú ọ̀run, kó àwọn èèyàn rẹ kúrò. Ojú lalákàn fi ń ṣọ́rí."

Ohun kejì tó fi kọ́ mi ni ọpọ́n ayò. Ẹ mọ̀ pé a kì í ka ọmọ fún ọlọ́mọ. Bí o bá na ìka sí ọmọ ọlọ́mọ, tí o ń kà á ní oókan eéjì, ìyá rẹ̀ á bá ọ jà, kò sì jẹ̀bi. Báwo lẹni tó ń kó èèyàn kiri ṣe fẹ́ mọ̀ pé wọ́n pé? Ọ̀gá á gbé ọpọ́n ayò ka orí ìjókòó iwájú, ilé méjìlá, ọmọ ayò mẹ́rin mẹ́rin nínú ilé kọ̀ọ̀kan. Kí ẹnikẹ́ni tó sọ̀kalẹ̀, á mú ọmọ ayò kan sínú àpò. Bó bá padà wọ bọ́ọ̀sì, á dá a padà sínú ilé tí kò kún. Bí gbogbo ilé bá ti pé mẹ́rin, gbogbo èèyàn ti dé. Bí ẹyọ kan bá dín, ẹnì kan wà nínú igbó. Kò sẹ́ni tó ka ọmọ ẹnikẹ́ni.

Ọ̀gá kì í ṣe eré pẹ̀lú ọpọ́n yẹn. Ọjọ́ kan wà tí ẹyọ kan dín. Ó ní kò sẹ́ni tó ń lọ. Èmi àti òun padà gun òkè náà dé ìpele karùn-ún, à ń pariwo bí aláìsàn orí. Nígbà tí a sọ̀kalẹ̀, ọ̀gá báńkì kan tó sanra ló rántí pé òun ti ju tòun nù, ó ní ìdọ̀tí lòun pè é. Inú bí ọkùnrin náà pé a fi àkókò òun ṣòfò, ó bú ọ̀gá mi ní èébú tí ajá ò gbọdọ̀ gbọ́. Ọ̀gá Ràímì nu òógùn ojú rẹ̀, ó ní, "Ẹ máa bú mi, sà. Kí ẹ bú mi délé sàn ju kí n lọ kí ìyàwó yín kú ọ̀fọ̀." Mo kórìíra rẹ̀ lọ́jọ́ náà, ẹsẹ̀ ń dùn mí.

Nígbà tí ọ̀gá kú, àwọn ọmọ rẹ̀ gbé ọpọ́n náà fún mi. Mo ra bọ́ọ̀sì tèmi. Ayé ń yí, èmi náà ń bá a yí. Bọ́ọ̀sì onífèrèsé tó ń mì jìgìjìgì kọjá, èyí tó ní ẹ̀rọ amúlétutù dé. Ìwé tí à ń kọ orúkọ èrò sí kọjá, fóònù dé. Sìdíkà ló fi fóònù ńlá kan ránṣẹ́ sí mi láti Dublin, ó to gbogbo rẹ̀ sínú ẹ̀ fún mi. Bí ẹnì kan bá ti dáhùn, màá fọwọ́ kan orúkọ rẹ̀, á di àwọ̀ ewé. Ó ní, "Dádì, ẹ gbé ayò yẹn sílẹ̀, ẹ jẹ́ ká ṣe bí àwọn èèyàn gidi." Ojú ti ń tì mí díẹ̀ náà, kí n máa gbé ọmọ ayò fún àwọn èrò tó wọ bàtà olówó ńlá. Mo gbé ọpọ́n ọ̀gá mi jù sínú búùtù, lábẹ́ táyà.

Ọgbọ́n ọlọ́gbọ́n ni kì í jẹ́ ká pe àgbà ní wèrè. Mo mọ òwe yìí tẹ́lẹ̀, mo sì gbé ọgbọ́n náà sínú búùtù.

Oṣù Keje ni, nígbà tí àwọn tó wà lókè òkun máa ń kó ọmọ wálé. Ìdílé mẹ́ta láti Dublin ló háyà mi, èrò méjìlélógún, gbogbo wọn ń kírun ní mọ́ṣáláṣí kan náà níbí. Alhaja Mọ́nsúrátù ló ṣáájú wọn. Ó kó ọmọ rẹ̀ méjèèjì wá: Yúnúsà, ọkùnrin, àti Rùkáyátù, obìnrin, tí wọ́n ń pè ní Rúka, ẹni ogún ọdún tó ń kọ́ iṣẹ́ nọ́ọ̀sì. Àwọn ọmọbìnrin mẹ́ta nínú wọn jọ ra híjáàbù aláwọ̀ ojú ọ̀run kan náà nítorí ìrìn àjò yẹn. Rúka wà lára wọn.

Mo sọ fún Rúka pé kó rọra, òkúta ń yọ̀. Ó gbọ́ Yorùbá dáadáa, ṣùgbọ́n Gẹ̀ẹ́sì àwọn ará Dublin ló fi dá mi lóhùn. Ó gbé ẹsẹ̀ sókè kí n rí bàtà rẹ̀, ó ní, "Ah, it's grand, Bàbá. I've me runners on." Ó rẹ́rìn-ín sí mi. N kò tíì gbàgbé ẹ̀rín náà.

Wákàtí kan lẹ́yìn ìyẹn, oòrùn ń ràn, mo rí i tí omi pọ́n. N kò wo ojú ọ̀run. Mo fọn fèrè mi, mo sì kó gbogbo wọn sọ̀kalẹ̀ pẹ̀lú igbe. Kí a tó dé ìdí bọ́ọ̀sì, omi náà ti ń dún bí ilé tó ń wó, òjò sì ti dé bá àwa náà. Wọ́n rọ́ wọlé, àwọn ọmọdé ń sunkún, àwọn àgbà ń ṣe Kálímà. Mo bẹ̀rẹ̀ sí í pe orúkọ nínú fóònù, kò sẹ́ni tó gbọ́. Ni mo bá na ìka, mo ń kà wọ́n.

Alhaja di ìka mi mú. Ó ní, "Bàbá, ẹ má fi ìka ka ọmọ mi bí ẹran. A kì í ka ọmọ fún ọlọ́mọ. Àwọn ọmọ mi ti pé, mo rí wọn." Ó nawọ́ sí ẹ̀yìn. Mo wò, mo rí híjáàbù aláwọ̀ ojú ọ̀run. Ojú tì mí. Mo ká ìka mi kò, mo fọwọ́ kan gbogbo orúkọ tó wà nínú fóònù títí wọ́n fi di àwọ̀ ewé, mo sì wa bọ́ọ̀sì lọ.

Àgbàlá aláró la dé kí Yúnúsà tó bi ìyá rẹ̀ pé, "Mam, where's Ruka?"

Rúka ti padà gòkè lọ mú fóònù rẹ̀ tó gbàgbé sórí àpáta kí n tó fọn fèrè. Ọjọ́ kejì làwọn ará ìlú rí i, nísàlẹ̀ odò. Ìnná lilláhì.

Ohun tó tẹ̀ lé e yìí ni mo fi pamọ́. Lọ́sàn-án ọjọ́ tí wọ́n rí i, bàbá àgbẹ̀ kan tí oko rẹ̀ wà lódìkejì odò fà mí sẹ́gbẹ̀ẹ́. Ó ní òun rí ọmọ náà. Ọmọ náà di igi kan mú lórí àpáta láàárín omi. Bàbá náà kò lè dé ọ̀dọ̀ rẹ̀, ó ń ké pe bọ́ọ̀sì wa bí a ṣe ń lọ, ariwo omi ò jẹ́ ká gbọ́. Ó sáré lọ pe àwọn ọkùnrin tó ní okùn. Nígbà tí wọ́n dé, igi náà nìkan ló kù. Mo bi í pé báwo ló ṣe pẹ́ tó. Ó ní ó tó kí èèyàn ṣe àlùwàlá, kó sì kírun tán.

Okùn wà lábẹ́ ìjókòó mi. Okùn tó gùn, tó nípọn, tí Ọ̀gá Ràímì fi lé mi lọ́wọ́.

Alhaja bi mí lọ́jọ́ yẹn pé, "Bàbá, ṣé ó jìyà?" Mo ní, "Rárá, Alhaja. Ẹ̀ẹ̀kan náà lomi gbé e. Kò mọ̀." Mo sọ fún ara mi pé àánú ló mú mi sọ bẹ́ẹ̀. Ìbẹ̀rù ni. Mo ta ọfà sókè, mo yí odó borí.

Mo ta bọ́ọ̀sì, mo dákẹ́ sílé. Àárẹ̀ mú mi, Sìdíkà sì ní kí n wá máa gbé lọ́dọ̀ òun. Mo gbé ọpọ́n ayò dání nínú báàgì mi. Bí mo ṣe dé, ó ní, "Dádì, mo ti gbé ayò yoke yín sínú press o," yoke ni nǹkan lẹ́nu àwọn ará ibí, press sì ni kọ́bọ́ọ̀dù ilé ìdáná. Lọ́jọ́ Jímọ̀ àkọ́kọ́ tí mo lọ kírun, Alhaja Mọ́nsúrátù ni mo kọ́kọ́ rí lẹ́nu ọ̀nà. Ó kúnlẹ̀ kí mi. Ó kúnlẹ̀ fún èmi Lásísì.

Ọdún méjì ni mo fi ń sá fún un. Lẹ́yìn náà ni mọ́ṣáláṣí ṣètò láti kó àwọn ọmọdé àti ìyá wọn lọ wo omi kan tó ń já láti orí òkè ní Wicklow, wọ́n ní kí n ṣáájú wọn. Mo ní n kò lọ. Wọ́n ní àgbà kì í wà lọ́jà kórí ọmọ tuntun wọ́. Mo ní àgbà yìí ti wà lọ́jà rí, orí ọmọ sì wọ́.

Alhaja gbọ́, ó wá bá mi nílé lọ́sàn-án ọjọ́ Sátidé kan. Sìdíkà gbé tíì fún un.

Ó ní, "Bàbá Sìdíkà, wọ́n ní ẹ kọ̀. Bó bá jẹ́ nítorí tèmi, ẹ jọ̀ọ́, ẹ lọ. Ẹ̀yin kọ́ lẹ pa ọmọ mi. Èmi ni mo di ọwọ́ yín mú."

Mo ní, "Alhaja, ẹ má sọ bẹ́ẹ̀."

"Yúnúsà náà sọ bẹ́ẹ̀. Ó ti kó lọ sí Dún Laoghaire, kì í gbé fóònù mi mọ́. Ohun tó sọ kẹ́yìn ni pé, 'You told him not to count her, Mam.' Òótọ́ ló sọ. Ọ̀rọ̀ yín nìkan ló kù mí kù, pé kò mọ nǹkan kan. Òun ni mo fi ń sùn."

Ẹ̀yin ọ̀dọ́, ẹ wo ibi tí mo wà. Bí mo bá dákẹ́, á máa ru ẹrù mi lọ sí sàréè rẹ̀. Bí mo bá sọ̀rọ̀, màá gba ohun kan ṣoṣo tó fi ń sùn lọ́wọ́ rẹ̀. Mo dìde, mo lọ ṣí kọ́bọ́ọ̀dù, mo gbé ọpọ́n ayò ka orí tábìlì. Mo sọ fún un ohun tí wọ́n ń fi í ṣe. Mo ní, "Ibi tó wà lọ́jọ́ náà ni búùtù, lábẹ́ táyà. Bí mo bá ti gbé e síta ni, n kò ní na ìka sí ọmọ yín, ẹ kò sì ní di ọwọ́ mi mú. Ẹ̀bi mi ni." Lẹ́yìn náà ni mo sọ ti àgbẹ̀ náà, àti igi, àti okùn.

Ó gbé tíì rẹ̀ sílẹ̀. Ó ní, "Ó pẹ́ tó báwo?"

Mo sọ fún un.

"Ṣé ó sọ nǹkan kan?"

Mo ní kó mu tíì rẹ̀. Ó tún bi mí. Mo ní, "Àgbẹ̀ náà kò gbọ́ Gẹ̀ẹ́sì. Ó ní 'Mámì' ló ń pè."

Alhaja fi ọwọ́ méjèèjì bo ojú. Tíì rẹ̀ tutù síbẹ̀. Nígbà tó dìde, ó ní, "N kò dárí jì yín o. N kò mọ̀ bóyá màá lè ṣe é láéláé. Ṣùgbọ́n ẹ ó bá mi lọ sọ fún Yúnúsà."

A wọ ọkọ̀ ojú irin lọ sí Dún Laoghaire lọ́jọ́ kejì. Lórí afárá gígùn tó wọ inú òkun ni mo ti sọ ọ́ fún un, afẹ́fẹ́ ń fẹ́, mo ń sunkún bí ọmọdé. Ó gbọ́ mi tán, ó wo ìyá rẹ̀, ó wò mí. "So it was the two of yous," ló wí. Ó bọ́ jákẹ́ẹ̀tì rẹ̀, ó fi bo èjìká ìyá rẹ̀, ó sì rìn lọ níwájú wa. N kò mọ̀ bí ọ̀rọ̀ àárín wọn ṣe rí lónìí, n kò sì ní ẹ̀tọ́ láti béèrè.

Alhaja ló ní kí n lọ sí Wicklow. Ó ní, "Ẹ gbé ọpọ́n yẹn dání." Òun fúnra rẹ̀ ló dúró lẹ́nu ilẹ̀kùn bọ́ọ̀sì, tó ń fún ọmọ kọ̀ọ̀kan ní ọmọ ayò kan bí wọ́n ṣe ń sọ̀kalẹ̀. Ọmọbìnrin kékeré kan bi í pé, "What's this yoke for?" Ó ní, "Má sọ ọ́ nù. Òun ló máa mú ọ délé." Omi Wicklow náà tutù, ó mọ́, ó sì ga. N kò wo ẹwà rẹ̀. Àwọ̀ rẹ̀ ni mo ń wò títí tá a fi kúrò níbẹ̀.

Nígbà tí wọ́n wọ bọ́ọ̀sì tán, mo bẹ̀rẹ̀ wo ọpọ́n. Ilé mọ́kànlá pé mẹ́rin. Ìkejìlá jẹ́ mẹ́ta. Mo bẹ̀rẹ̀ sí í wo ojú àwọn ọmọ lọ́kọ̀ọ̀kan, àwọn ìyá wọn sì ń wo ọmọ tiwọn. Kò sẹ́ni tó wá ọmọ rẹ̀ tì.

Alhaja wà ní ìjókòó àkọ́kọ́, ó di ọwọ́ ọ̀tún rẹ̀ pọ̀ lórí itan. "Tèmi ti wà nínú ọpọ́n, Bàbá," ló wí jẹ́ẹ́jẹ́ẹ́. Ó la ìka, ọmọ ayò kan wà lórí àtẹ́lẹwọ́ rẹ̀. "Èyí kì í ṣe tèmi."

Dírẹ́bà, ọmọ ìlú ibí, yíjú sí mi. "Are we all on, boss?"

Ogójì ọdún ó lé ni mo fi ṣe iṣẹ́ yìí, n kò sì sọ fún dírẹ́bà rí pé kó lọ nígbà tí mo rí i pé ilé kan dín lórí ọpọ́n. Mo jókòó sẹ́gbẹ̀ẹ́ Alhaja, mo gbé ọpọ́n náà lé itan, mo ní kó máa lọ.